Gàárì Kẹ̀kẹ́ Kọ́ Ló Fà Á

Ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ mọ ibi tí ilé ìtọ̀ wà ní gbogbo ilé epo láti Richton Park dé Hyde Park, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ jókòó kà á. Ẹni tí kò bá lè jókòó pẹ́, kó dìde dúró kà á. Èmi náà kò lè jókòó pẹ́ nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀. N kì í ṣe dókítà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà nílùú Ìwó kí bàbá wa tó ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ dírẹ́bà, nítorí náà bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ ńláńlá, ẹ kò ní rí i níbí. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí ẹ̀rù sọ mí dà.

Bọ́ọ̀sì kékeré ni mò ń wà ní Chicago. Mo máa ń kó àwọn òṣìṣẹ́ àti aláìsàn láti ibi tí wọ́n páàkì mọ́tò sí lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá kan. Láti àárọ̀ títí ṣíìfù mi á fi parí, mò ń já èèyàn sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Èmi fúnra mi kì í wọlé. Mo dà bí ẹni tó ń gbé ẹran lọ fún kìnnìún: ó mọ ẹnu ihò dáadáa, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n ní kó wá bá wọn jẹun.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ìgbádùn mi. Àbúrò mi, Múftáù, ọmọ ìyá mi, ló kó o ràn mí. Abúlé kan ní Suffolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń gbé, nọ́ọ̀sì ni, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Lọ́dọọdún, tí ìgbà ìwọ́wé bá ti dé, mo máa ń gba líìfù, màá wọ bàálù lọ bá a, a ó sì jọ máa gun kẹ̀kẹ́ káàkiri ìgbèríko. A kì í sáré o. Àwọn géńdé tí ṣòkòtò lẹ̀ mọ́ lára á fò kọjá fìrì, Múftáù á ní, "Ẹ kú ìkánjú o," àwa á máa yí pẹ́dà wa bí ẹni ń ro ògì lórí iná.

Ọ̀nà ibẹ̀ tín-ín-rín. Igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n gbìn ṣe ọgbà wà lọ́tùn-ún lósì, ewé á ti pupa rúsúrúsú, òmíràn á ti pọ́n bí obì, ilẹ̀ á máa rùn bí oko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí ẹ̀. Ẹ ó rí tábìlì lẹ́nu géètì ilé kan, wọ́n kó èso ápù lé e, wọ́n gbé agolo tì í kí ẹni tó bá mú u lè sanwó, kò sì sí ẹnì kankan tó ń ṣọ́ ọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo ní, "Múftáù, má fọwọ́ kàn án, pańpẹ́ ni." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ gọ́tà.

Ọdún tí àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀, mi ò rí ewé, mi ò rí ápù. Igbó ni mò ń wò. Múftáù á nawọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bí wọ́n ṣe to òkúta yẹn," èmi á máa wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì bóyá èèyàn lè fara pamọ́ síbẹ̀. A ò ní tíì gùn jìnnà tí màá ti ní, "Dúró ná, táyà mi ń ṣe bákan." Kò sí ohun tó ṣe táyà. Màá wọ inú igbó, màá dúró, màá dúró, ìtọ̀ á jáde bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti tì pa: tó, tó, tó, ó tán. Màá tún gun kẹ̀kẹ́, ká tó gun òkè kejì, ó tún ti dé.

Lọ́jọ́ kan, ibi tí mo kọjú sí igi, ìyá arúgbó kan tó ń fa ajá yọ lẹ́yìn mi. Ó ní, "Lovely morning!" Mo ní, "Yes, madam," láìyíjú. Ajá náà gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tọ̀, ó parí, wọ́n lọ. Èmi ṣì wà níbẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣeé bá ẹnikẹ́ni sọ, mo bá wá ohun tí màá dá lẹ́bi. Mo dá gàárì kẹ̀kẹ́ lẹ́bi. Mo ní ó le jù, ó ń tẹ̀ mí níbi tí kò yẹ. Mo ra gàárì tó fẹ̀ bí àga àlejò. Mo tún ra èyí tó ní ihò láàrin. Ìtọ̀ ò mọ̀ pé mo ti pààrọ̀ gàárì.

Nígbà tí mo padà sí Chicago, ọ̀rọ̀ náà bá mi wọ mọ́sálásí. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kírun mọ̀ ọ́n: bí ìtọ̀ bá kán, àlùwàlá ti bàjẹ́, àfi kéèyàn tún un ṣe. Ní Jímọ̀, màá ṣe àlùwàlá, màá wọlé jókòó, yóò kán. Màá jáde, màá tún un ṣe, màá wọlé, yóò tún kán. Kí wáàsí tó parí, ìka ẹsẹ̀ mi á ti hunjọ bí ti ẹni tó sùn sódò. Àwọn ará mọ́sálásí ń wò mí. Wọn ò rí ìtọ̀. Ìfọkànsìn ni wọ́n rí. Wọ́n ní, ẹ wo bàbá yìí, kì í jẹ́ kí àlùwàlá ẹ̀ pẹ́ lára, ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Wọ́n sọ mí ní Bàbá Alálùwàlá. Ìyàwó ilé kan gbé ọmọ ẹ̀ wá bá mi pé kí n gbé ọwọ́ lé e lórí. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Ọkùnrin tí ìtọ̀ ń lé kiri ti di ẹni Ọlọ́hun.

Oyè yẹn ló tú mi fó. Lọ́jọ́ kan tí Lèmọ́mù wa rìnrìnàjò, Àáfà Bùsàirì, àgbàlagbà tó máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Bàbá Alálùwàlá, ẹ bọ́ síwájú, ẹ kírun fún wa." Kí ni màá sọ? Mo bọ́ síwájú. Ràkáà àkọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́. Ní ìkejì, bí a ṣe forí kanlẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lára. Mo dìde, mo fi wọ́n sílẹ̀ ní ìforíkanlẹ̀, mo sá jáde. Wọ́n ṣì dojú bolẹ̀ nígbà tí mo dé ẹnu ilé ìwẹ̀. Wọ́n ní àwọn rò pé àdúà mi ló gùn. Àáfà ló wá gbójú sókè, tó bọ́ síwájú parí ìrun.

Ó wá bá mi níta. Mo ń dibọ́n pé mò ń wá bàtà.

"Ṣé ìfọkànsìn náà ló lé yín jáde báyìí?"

"Àáfà, inú ló ń rún mi."

"Inú kọ́. Mo ti ń wò yín láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ lọ rí dókítà."

Kí n tó délé, ìyàwó mi, Ìyá Rófíà, ti gbọ́. Kò bá mi jà. Ilé ìtọ́jú arúgbó ní Park Forest lòun náà ti ń ṣiṣẹ́, ó mọ ohun tó ń ṣe ọkùnrin. Ó gbé fóònù, ó gba àpọ́íńmẹ́ǹtì, ó ní òun á tẹ̀ lé mi. Ọjọ́ tá a lọ, ọmọ Ghana tí a jọ ń wa bọ́ọ̀sì ló gbé wa dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó wò mí látinú díńgí, ó ní, "Alhaji, you are sitting on the wrong side today."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí yàrá ìdúró yẹn ṣe rí, kí ó má baà bá yín lójijì. Ọkùnrin ló kún ibẹ̀, kò sí ẹni tó ń wo ojú ẹnìkejì. Gbogbo wa ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti pa ohùn ẹ̀. Wọ́n á pe orúkọ ẹnì kan, á dìde bí ẹni tí wọ́n pè ní kóòtù. Èmi dìde lọ tọ̀, mo padà, mo dìde lọ mu omi, mo padà, mo lọ ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri. Ìyá Rófíà ní, "Bàbá Rófíà, ẹ jókòó, ẹ ń jẹ́ kí òòyì kọ́ mi."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ yẹ̀ wò bóyá àmì àìsàn wà nínú ẹ̀. Èsì ẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, obìnrin ni, ohùn ẹ̀ tutù. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀ ni mo ti ní, "Doctor, it is the bicycle." Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Ó ní lóòótọ́ ni, pé kẹ̀kẹ́ gígùn lè gbé e sókè díẹ̀, kí n fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ná, kí n padà wá fún òmíràn. Ẹ wo ayọ̀! Mo sọ fún gbogbo ayé pé dókítà gan-an ti sọ pé gàárì ni. Mo gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ sí gáráàjì, mo ń wò ó bí ẹni ń wo ọ̀daràn. Mo padà lọ. Èsì kejì ga bí ti àkọ́kọ́. Kẹ̀kẹ́ ò mọwọ́mẹsẹ̀.

Wọ́n tì mí sínú ẹ̀rọ kan tó ń pariwo bí ẹni ń kan páànù. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú ẹran bíńtín níbẹ̀ lọ wò. Dókítà wá pè wá jókòó. Ó ní kiní kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, kó tóbi bí àwúsá ló yẹ, tèmi ti wú, ó sì ti ní jẹjẹrẹ nínú. Ó ní a tètè rí i, kò tíì jáde kúrò níbi tó wà. Ó ní àwọn lè yọ ọ́. Ó ní lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìtọ̀ á máa jò fún ìgbà díẹ̀, màá máa de páàdì. Ibẹ̀ ni etí mi dúró sí. Ìyá Rófíà gbọ́ "a tètè rí i." Dókítà sọ "fún ìgbà díẹ̀." Èmi, páàdì ni mo gbọ́. Bàbá Alálùwàlá, pẹ̀lú páàdì nídìí!

Ìròyìn dé Ìwó kí n tó bọ́ bàtà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Alájà Mùìbátù, pè mí lórí WhatsApp.

"Ràṣídì, má jẹ́ kí wọ́n gé ọ o! Ẹni tí wọ́n bá gé níbẹ̀, ọkùnrin ẹ̀ ti tán."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni."

"Òyìnbó ò ní orúkọ mìíràn fún nǹkan. Mò ń fi àgbo ránṣẹ́."

Àgbo dé lóòótọ́, nínú ike mẹ́ta. Ẹnì kan gbé omi samsam wá láti Mẹ́kà. Òmíràn gbé oyin, òmíràn gbé òróró kóró dúdú. Mo mu gbogbo ẹ̀, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n ṣa èyí tí màá mu. Ẹ bá mi rò ó: ọkùnrin tí kò rí ìtọ̀ tọ̀, gbogbo oògùn tí wọ́n ń kó wá bá a, omi ni! Mi ò ní kí ẹ má gba àdúà o. Mo gbà á, mo ṣì ń gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń mu ti ike kejì, jẹjẹrẹ ò dúró dè mí. Àwọn bíìlì náà ò dúró. Ìnṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ san èyí tó pọ̀, a sì ń san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń sá nítorí owó, kó kọ́kọ́ béèrè.

Wọ́n fún mi ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Mo tẹ̀ wọ́n láago, mo ní ìrìnàjò pàtàkì já lù mí. Ìyá Rófíà bá mi níbi tí mo ti ń di báàgì.

"Ìrìnàjò wo?"

"Ìgbà ìwọ́wé ti dé. Múftáù ń retí mi."

"Ẹ fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ sá fún ọ̀bẹ."

"Èmi? Ta ló ń sá? Bí mo bá wá ń jò ńkọ́, ta ni á dúró tì mí ní sáfù ìrun?"

"N kì í bá yín dúró ní sáfù ọkùnrin, ilé ni mo bá yín ń gbé. Ẹ máa jò nílé. Bí ẹ bá kú, ta ni ẹ fẹ́ kí n máa bá gbé?"

Mo lọ. Ọkọ̀ òfuurufú ò tíì gbéra tí mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jókòó tì mí.

Mi ò sọ nǹkan kan fún Múftáù. Òtútù mú mi lọ́jọ́ kejì, imú mi dí, mo ra oògùn ọ̀fìnkìn ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e mì. A jáde láàárọ̀. Ọjọ́ náà dára ju èyí tó yẹ òpùrọ́ lọ. Ìkùukùu wà lórí pápá, àwọn àgbẹ̀ ń fi katakata wú nǹkan bí iṣu funfun tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà. Múftáù ń kọrin. Mo wọ igbó àkọ́kọ́: kò sí nǹkan. Mo wọ ìkejì: kò sí. Kò tilẹ̀ kán. Nígbà tó di pé oòrùn gòkè, ikùn mi ti le bí àgbọn, òógùn tútù bò mí, mi ò lè jókòó lórí gàárì, mi ò lè dúró nílẹ̀. Mò ń yí ká kẹ̀kẹ́ mi bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?"

"Táyà."

"Táyà kẹ? Táyà yín ló ń làágùn?"

Mo bá sọ fún un. Gbogbo ẹ̀, lójú títì, mo di igi kan mú. Kò bínú. Nọ́ọ̀sì ni, ó kàn béèrè ìgbà tí mo tọ̀ kẹ́yìn, ojú ẹ̀ yí padà. Ó dá ọkọ̀ àgbẹ̀ kan dúró. Àgùntàn wà lẹ́yìn ọkọ̀, èmi wà níwájú, gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà Suffolk ló kí mi. Mo ṣèlérí fún Ọlọ́hun nínú ọkọ̀ yẹn, àwọn ìlérí tí mi ò lè kọ síbí. Mo ní kó jẹ́ kí n jò. Àní ohun tí mo sá fún láti Chicago, mò ń bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi róbà fa ìtọ̀ náà. Ó kún àpò, wọ́n dà á nù, ó tún ń bọ̀. Mo sunkún bí ọmọdé, kì í ṣe ìrora, ìdẹ̀ra ni. Wọ́n béèrè ohun tí mo lò, wọ́n ní oògùn ọ̀fìnkìn yẹn lè dí ọ̀nà ìtọ̀ ẹni tó bá ti ń ní ìṣòro bíi tèmi. Ẹ má gbàgbé èyí o: ẹ béèrè kí ẹ tó gbé e mì.

Múftáù jókòó tì mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, jíjò lẹ̀ ń bẹ̀rù. Èyí tó bá jò, aṣọ ló bà jẹ́, aṣọ sì ṣeé fọ̀. Èyí tí kò jáde lónìí, ẹ̀yin gan-an ló fẹ́ mú lọ. Ẹ padà sí Chicago."

Mo padà pẹ̀lú róbà nídìí, àpò ìtọ̀ so mọ́ itan mi lábẹ́ ṣòkòtò. Mo kọ́kọ́ lọ bá Àáfà Bùsàirì, mo ní kí wọ́n má retí mi ní sáfù mọ́. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ kéú tó gbàgbé álífù.

"Ẹ rò pé ẹ̀yin ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tó máa jò? Ẹni tí ìtọ̀ kì í dá lára ẹ̀, kó fọ ara ẹ̀, kó dè é dáadáa. Bí àkókò ìrun bá wọlé, kó ṣe àlùwàlá, kó kírun ẹ̀. Ohun tó bá kán lẹ́yìn ìyẹn, Ọlọ́hun ò bi í. Àwọn tó ṣáájú wa ti wádìí ẹ̀ tipẹ́."

Mo ní, "Ní sáfù? Láàrin èèyàn?"

Ó gbá ìdí ṣòkòtò ńlá gbẹndẹku tó wọ̀, ibi tí èmi náà á máa de páàdì sí. "Bàbá Alálùwàlá, ṣé oge lẹ rò pé mo fi èyí ṣe?"

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n dọ̀bálẹ̀. Mo ṣe méjèèjì.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Kí n sọ pé n kò bẹ̀rù? Nígbà tí wọ́n ń tì mí lọ, mo béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá ìyàwó mi lè wá dípò mi. Mo jí, mo wà láàyè, Ìyá Rófíà ń sùn lórí àga, ẹnu ẹ̀ là. Kò sí ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Suffolk. Wọ́n yọ róbà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, jíjò sì bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe wí. Mo dìde, ó jò. Mo wúkọ́, ó jò. Wọ́n kọ́ mi láti máa fún ìdí mi pọ̀ bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró, mo ń ṣe é nínú bọ́ọ̀sì, ní gbogbo iná tó bá dá wa dúró. Mo tún wọ sáfù, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Alájà pè láti Ìwó.

"Ràṣídì, ṣé o ṣì jẹ́ ọkùnrin?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́ èèyàn ná."

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Páàdì ti dínkù, kò tíì tán. Ti inú yàrá kò tíì rí bíi tàtijọ́. Ìyá Rófíà ní kí n má kọ ọ́, mo ti kọ ọ́, nítorí ẹ̀yin náà á fẹ́ mọ̀, ẹ ò sì ní lè béèrè. Dókítà ní kò sí àmì jẹjẹrẹ nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò látìgbàdégbà, tí ọjọ́ èsì bá sì ti ń sún mọ́lé, mi ò lè jókòó, màá máa gbálẹ̀ ibi tí wọ́n ti gbá. Àyẹ̀wò mìíràn ń dúró dè mí tí mo bá padà. Ẹ̀rù yẹn ò lọ. Mo kàn ń mú un dání lọ síbi tó yẹ kí n lọ ni.

Ìgbèríko Suffolk ni mo ti ń kọ èyí, dókítà ti ní mo lè gun kẹ̀kẹ́. Lánàá, pẹ́pẹ́yẹ ńlá funfun kan jáde látinú oko, ó lé Múftáù. Àbúrò mi, àgbàlagbà, nọ́ọ̀sì ìjọba, gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò lórí pẹ́dà, ó ń ké "Yéè! Yéè!" Mo rẹ́rìn-ín débi pé ó jò. Múftáù rí ojú mi nígbà tí mo bá a, ó fẹsẹ̀ tilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká dúró?"

Mo ní, "Dúró ṣe kí ni? Ó ti jáde."

A bá ń lọ.